Ẹ̀jẹ̀ Lásísì Lórí Táìlì Funfun

Ràfíátù ọ̀rẹ́ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi sáyé lónìí, nítorí àlá tí mo lá mọ́jú ṣì ń já mi láyà.

Mo rí i pé mo wà ní lábù ọsibítù wa, níbi tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Màmá mi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí ẹ̀jẹ̀ tí Lásísì àbúrò mi fún un. Mo kán ẹ̀jẹ̀ Lásísì mọ́ omi inú ẹ̀jẹ̀ màmá lórí táìlì funfun, mo sì ń gbọ̀n ọ́n pẹ̀lẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Tó bá dán bí epo pupa, a lè fà á sí màmá lára. Tó bá ṣù bíi gààrí tí omi ta sí, ikú ni.

Ó ṣù! Bí mo ṣe ń wò ó, àwọn wóró náà di èèyàn, táìlì di mọ́ṣáláṣí, wọ́n tò, èjìká kan èjìká. Mo figbe ta: "Ẹ tú ká! Ẹ má fara kan ara yín!"

Lèmọ́mù yíjú sí mi: "Àlàájà, ṣé kò sí nǹkan? Ìrun là ń kí!"

Màmá rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì: "Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi."

Igbe mi ló jí ọkọ mi. "Ta lò ń lé?"

O mọ̀ pé òní gan-an ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá. Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Lásísì wò lánàá, síbẹ̀ mi ò tíì jẹun tí mo fi sáré lọ tún un yẹ̀ wò. Ó dán bí epo.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ èèyàn rẹ kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀. Àmín.