Kámẹ́rà Kò Létí

"Ẹ mí síta, Ìyá! Ẹ má sé èémí mọ́nú!"

Mo mí síta lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu nìkan ni èémí gbà jáde. Ìró rẹ̀ lu ògiri, ó sì padà wá bá wa. Ọkùnrin tó ń sáré lórí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọ nǹkan tó fi dí etí, ó wòkè bóyá àjà ló fẹ́ já. Èmi tí mo di irin kéékèèké méjì mú, tí mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí tí kò sí níbẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín títí orúnkún mi fi yẹ̀, mo sì fìdí jálẹ̀ gbì.

"Ìyẹn náà wà lára eré ìdárayá," ni Kírénì wí, ojú rẹ̀ le koko bí ojú adájọ́. "Ó ku mẹ́ta. Ẹ dìde."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Dókítà ló ní orúnkún mi ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, pé tí n kò bá lò ó, yóò gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ni mo bá ra ṣòkòtò, èyí tí n kò wọ̀ rí láyé mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn ni mo fi ṣe iwájú. Odindi wákàtí kan ni mo fi ń rìn bí ẹyẹlé kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ ló burú, orí mi ni.

Jíìmù náà, ilé eré ìdárayá tí mò ń lọ, jẹ́ ọ̀kan nínú ogójì tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní káàkiri. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ti gbogbo ènìyàn ni, àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti alágbára. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ti bàtà ẹsẹ̀ mi. Ohun tó mú un pọ́ọ́kú kò sì fara sin: kò sí olùkọ́. Ẹ ó fi káàdì kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹ̀rọ á máa wò yín, ẹ̀yin náà á máa wo ẹ̀rọ. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò bá rí aláàánú, ọrùn ni yóò fi gbé ohun tó yẹ kó fi apá gbé.

Kírénì ni aláàánú tèmi. Wẹ́dà ni. Irin ló ń jó mọ́ra látàárọ̀, irin náà ló tún ń wá gbé nírọ̀lẹ́, bí ẹni pé irin ló bí i. Ohun tó ń gbé ló sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ńlá. Ó ní òun ti dé àwọn jíìmù olówó gọbọi rí: díńgí wà, òórùn dídùn wà, ṣùgbọ́n níbi tí irin ti wúwo tó, apá òun kò ká owó rẹ̀.

"Ibí yìí bá èmi àti ẹ̀yin mu, Ìyá," ó máa ń wí. "Ẹ̀yin ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde, èmi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ilé."

Máníjà ibẹ̀, ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Àwọn ẹbí ló ń pè é bẹ́ẹ̀; ọmọ mi ni èmi ń pè é. Láti ọmọ ọdún méjì títí di ọjọ́ tó gbéyàwó, abẹ́ òrùlé mi ló ń sùn. Èmi ni mo ń fi ẹnu fa ikun nímú rẹ̀ nígbà tí ọ̀fìnkìn bá dí i. Òun ló fún mi ní káàdì jíìmù náà, ó sì máa ń nawọ́ sí mi fún àwọn àlejò pé, "Ẹ wo Màmá Àgbà mi." Orí mi á wú bí búrẹ́dì.

Tí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, páálí pupa ni wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́rùn: Ẹ MÁ LÒ Ó. Ọmọ mi á kọ̀wé sí oríléeṣẹ́, oríléeṣẹ́ á ní àwọn ti gbọ́, páálí á sì máa gbó lọ. Ìgbà kan wà tí ó pé mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn wà lára òpó irin méjì tí àwọn alágbára ń dùbúlẹ̀ sáàárín rẹ̀, lórí àga gbọọrọ, láti ti irin gígùn sókè. Ìkọ́ kan wà lára òpó kọ̀ọ̀kan tí irin náà ń sinmi lé. Ti apá ọ̀tún ti sán. Kírénì ló rí i. Ó fi èékánná tọ ojú ibi tó sán, ó ní, "Èyí á pa ènìyàn." Ó lọ bá máníjà pé òun á gbé ẹ̀rọ òun wá, òun á jó o lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n ní rárá, oríléeṣẹ́ kò fẹ́ kí ará ìta fọwọ́ kan ohun ìní àwọn. Páálí ni wọ́n so mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kan, ọmọ mi pè mí lórí fóònù pé kí n tètè wá. Mo bá a tó ń làágùn nínú ilé tó tutù nini.

"Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò ń bọ̀ báyìí," ó wí. "Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ti wá láàárọ̀, wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀. Páálí nìkan ló kù, mi ò sì ráyè. Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká wọn, kí n lọ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Màmá mi."

"Ìkọ́ tí Kírénì ń pariwo ẹ̀ ńkọ́?"

"Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe."

Ó wò mí lójú kòrókòró sọ ọ́.

Orin kan ń dún látinú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kọ́ ara àjà, orin àwọn ọ̀dọ́ tó ń lu ni láyà gbìm-gbìm. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí, n kì í jẹ́ kí orin ṣòfò. Mo ká páálí kan, mo fi ìdí sọ̀kò sọ́tùn-ún. Mo ká ìkejì, mo fi sọ̀kò sósì. Obìnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kankan ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sínú àpò mi.

Aláyẹ̀wò dé. Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, kò wo irin. Ó mu omi tútù. Àpòòwé tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń wọlé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀ nígbà tó ń jáde. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé ìwé iṣẹ́ ni. Ta ni kò mọ̀ pé ojú tí a fi ń wo ọmọ ẹni kì í ríran jìnnà?

Nígbà tí Kírénì ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró síwájú òpó náà.

"Ìyá, páálí ibí yìí dà?"

"Wọ́n ti tún un ṣe."

Ó fọwọ́ pa ìkọ́ náà. Ọ̀dà dúdú tuntun ló wà lára rẹ̀, ó ń dán, kò sí ojú ibi tó sán mọ́.

"Ta ló sọ pé wọ́n ti tún un ṣe?"

"Ọmọ mi ni. Tàbí o rò pé ọmọ mi á purọ́ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá ti jẹ́ ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, ó ti tán."

Ó kó irin sí i. Ó dùbúlẹ̀. Ó ti i sókè nígbà mẹ́jọ, mo ń kà á fún un bí ẹni ń ka ọmọ ní ìlà. Ìgbà tó gbé e padà sórí ìkọ́ ni mo gbọ́ ìró kékeré kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ. Irin náà dojú dé sí apá ọ̀tún, ó sì gbá èjìká rẹ̀ mọ́ àga.

Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ìyá, ẹ gbé e kúrò." Mo dì í mú. Mo fà á. N kò lè mì ín. Ènìyàn mẹ́rin ló gbé e.

Ọmọ mi sáré wá. Ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó wo ìkọ́ tó kán, ó sì gba àpò mi tí àwọn páálí wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi gbé ẹrù ni. Ó gbé àpò náà wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó jáde wá pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Dókítà ní iṣan tó so apá mọ́ èjìká ti já pátápátá. Wọ́n gbọ́dọ̀ rán an kí oṣù kan tó pé, nítorí tó bá ti súnkì, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè fà á padà. Iṣẹ́ abẹ náà ju agbára wẹ́dà lọ. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn á gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí ẹ̀bi bá jẹ́ tàwọn. Wọ́n pè wá láti wá wí tẹnu wa.

Yàrá náà ní tábìlì gígùn kan. Èmi àti ìyàwó Kírénì jókòó sí apá kan. Obìnrin kan tó wá láti oríléeṣẹ́ jókòó sí apá kejì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ọmọ mi sì jókòó tì í. Mo ti fi àga kan sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Obìnrin náà yí kọ̀ǹpútà sí wa. Èmi nìyẹn nínú àwòrán tí kámẹ́rà jíìmù yà. Ẹ bá mi fojú inú wo arúgbó tó wọ ṣòkòtò, tó ń jó kiri láàárín ẹ̀rọ, tó ń já páálí, tó ń fi ìdí sọ̀kò, tí kò sì sí orin kankan tó ń dún. Wèrè pọ́ńbélé ni. Èmi fúnra mi ì bá sá fún mi.

Mo sọ ohun gbogbo bó ṣe rí. Obìnrin náà kọjú sí ọmọ mi.

Tábìlì ni ọmọ mi ń wò. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹ dárí jì wọ́n, Màmá Àgbà ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí jíìmù, iwájú ṣòkòtò ni wọ́n fi sẹ́yìn."

Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Nínú ilé ìdáná mi ni, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

"Wò mí lójú," mo wí.

"Màmá, ẹ sinmi."

"Ṣebí o wò mí lójú lọ́jọ́ náà! Wò mí báyìí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ni obìnrin oríléeṣẹ́ wí, bí ẹni ń rẹ ọmọ tó fẹ́ sùn.

"Kámẹ́rà yín ní ojú, kò létí," mo sọ fún un. "Ẹ bi í, ta ló kun ìkọ́ tó sán lọ́dà? Ṣé èmi náà ni?"

"A ó kọ ìyẹn sílẹ̀," ó wí. Bírò rẹ̀ wà lórí tábìlì. Kò mú un.

Lọ́jọ́ kejì àbúrò mi pè mí. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lé e níṣẹ́, ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá pè yín ní arúgbó tó ń ṣarán? Àgbà kì í tìtorí ìyẹn kú."

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Apá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ń pè é lọ́mọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, nítorí ìbéèrè náà kan ènìyàn méjì, Kírénì àti ọmọ tí mo tọ́, n kò sì mọ èyí tó ní lọ́kàn.

Lẹ́tà dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Wọ́n ní oníbàárà kan ló ká àmì ìkìlọ̀ kúrò láìgba àṣẹ, nítorí náà ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ilé-iṣẹ́. Wọ́n gba káàdì mi. Mo gbọ́ pé ọmọ mi ti ń mójú tó ẹ̀ka mẹ́ta báyìí.

Ìyàwó Kírénì kò bá mi jà. Ì bá jà, ì bá sàn fún mi. Nígbàkígbà tí mo bá lọ kí wọn, á gbé àga fún mi, á bu omi fún mi, á sì máa fi ohùn tí ènìyàn fi ń dá aláṣìnà lóhùn bá mi sọ̀rọ̀. Oṣù kan pé, ó kọjá. Apá náà kò gòkè kọjá àyà mọ́.

Ọjọ́ tí mo lọ gbẹ̀yìn, wọ́n ń ta ẹ̀rọ tí Kírénì fi ń jó irin. Àwọn ọkùnrin méjì tó rà á ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù. Kírénì jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sórí itan bí ọmọ tí wọ́n ní kó bá àwọn gbé. Àwọn ọkùnrin náà tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n fi ẹ̀yìn fà á, ọ̀kan kérora, ẹ̀rọ kò kúrò nílẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀yìn!" Kírénì pariwo. "Ẹ máa ṣe ara yín léṣe. Ẹ ya ẹsẹ̀ yín. Ẹ tẹ orúnkún. Ẹ fà á mọ́ ara. Ó yá, ẹ jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà!"

Wọ́n tẹ orúnkún. Ẹ̀rọ náà gbéra nílẹ̀ bí ẹni pé kò wúwo rí.

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá," ni ọ̀kan nínú wọn wí, bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá níwájú rẹ̀. "Ó mà rọrùn báyìí o."