Omi Iyọ̀ Fún Òkúta Funfun

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá mi fi kún un: mo jowú àbúrò mi. Mo jowú rẹ̀ débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni ìyá wa ti wà lọ́dọ̀ mi, látìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, tó jẹ́ ọ̀pá ló fi ń rìn díẹ̀díẹ̀. Aránṣọ ni mí, pálọ̀ mi náà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo ṣe ń tẹ maṣíìnì, etí mi á wà ní yàrá rẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń fọ aṣọ ibùsùn, èmi ni mò ń pín oògùn rẹ̀ sínú ike, tàárọ̀ lọ́tọ̀, talẹ́ lọ́tọ̀. Kí ni mo ń rí gbà? "O ṣé." Ó tán.

Àbúrò mi, onídìrí, á yọ ní Sátidé pẹ̀lú lọ́fíńdà àti ẹ̀rín, ojú ìyá mi á sì tàn yòò. "Adúmáadán mi dé!" Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo dúdú jù nínú ilé yẹn o. Kò sẹ́ni tó pè mí ní adúmáadán rí.

Sátidé kan ló gbé àpótí kékeré kan dé. Òkúta mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan píǹkì, ọ̀kan elésè àlùkò, ọ̀kan funfun tó gùn bí ìka. Ó ní òkúta ìwòsàn ni. Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi. Àmọ́ ìyá mi mú funfun yẹn, ó dì í mú, ó sì sùn fọnfọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹni tí oorun ti sá fún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu mi.

Nígbà tó tún wá, ó ní òun ń lọ kọ́ irun tuntun nílùú míì fún ọ̀sẹ̀ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ti píǹkì, ẹ fi omi àti iyọ̀ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tó rọ̀ nù ún. Ti elésè àlùkò, ẹ má sá a sóòrùn o, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Funfun yìí, ẹ má jẹ́ kómi kàn án rárá, á yòrò ni. Òun la máa ń to àwọn yòókù lé lórí, òun ló ń wẹ̀ wọ́n mọ́."

"Ta ló wá ń wẹ òun mọ́?"

"Kò nílò rẹ̀."

Àánú òkúta ṣe mí.

Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kó tó sọ ohun tó gbé wá gan-an. "Màmá, tí mo bá dé ní Sátidé, ẹ sọ fún wa bóyá ẹ máa wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi náà á sinmi."

Sinmi! Ta ló bẹ̀ ẹ́? Tí ìyá mi bá lọ, kí ló kù nínú ilé mi? Èmi àti maṣíìnì.

Ní Wẹ́sídè, mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọ́ ẹsẹ̀ fún un, ó dijú, ó ní, "Adúmáadán, òkúta mi dà?"

Èmi! Èmi tí mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, tí ọwọ́ mi wà nínú omi!

"Èmi ni, Màmá. Kì í ṣe òun."

"Háà. O ṣé."

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá a fọ òkúta rẹ̀. Mo wọ kíṣìnì, mo bomi sínú abọ́, mo da iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, mo sì ju òkúta funfun náà sínú rẹ̀. Mo bú u dáadáa. Mo fi àwo dé e, mo padà sídìí iṣẹ́, mo sì gán apá òsì aṣọ oníbàárà mọ́ ọ̀tún.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó ṣí i. Ó ti bó, ó ti rí bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi, etí rẹ̀ sì ń já sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo nù ún, mo fi sísàlẹ̀ àpótí. Ìyá mi ò béèrè rẹ̀ mọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Mo rò pé mo ríre.

Sátidé pé. Àbúrò mi ṣí àpótí.

"Yéè! Ta ló fomi kàn án?"

Mo tẹjú mọ́ aṣọ tí mò ń rán.

"Èmi ni," ni ìyá mi wí látorí àga. "Mo ní kí n fọ̀ ọ́. Àgbà ti dé, mo gbàgbé ohun tó o sọ."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra. Ó ní òun á ra òmíràn, ó sì jáde lọ gbé ẹrù nínú mọ́tò.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Mo rí ọ. Mo fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, pé kí n wá bẹ̀ ọ́, torí mo ṣì ọ́ pè. Mo gbọ́ ohun tó ò ń sọ fún òkúta."

Mo mọ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ìwọ tí o kì í wẹ̀ fún Màmá, tí o kì í fọṣọ wọn, ìwọ ni wọ́n ń dì mú sùn."

"Màmá, ẹ má bínú."

"Inú ò bí mi. Ó ti rẹ̀ ọ́ débi pé ò ń bá òkúta jà, ọmọ mi. Èmi ni mo fà á."

Àbúrò mi wọlé. Ìyá mi gbójú sókè, ó ní, "Bá mi kẹ́rù. Mò ń bá ẹ lọ."

Àbúrò mi hó yèè. Èmi ni mo ká àwọn aṣọ náà, torí èmi ni mo mọ ibi tí wọ́n wà. Ìyá mi parọ́ nítorí mi, ó sì fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.