Ẹrù Àyà Roqeebah

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Roqeebah, orí àga ló sì ti ń kírun.

Ọmọ ọmọ mi ni. Bàbá rẹ̀ ti kú. Èmi àti Sèlíátù ìyàwó mi la tọ́ ọ nílé wa ní Ẹ̀pẹ́. Itamaga ní Ìkòròdú ló ti ń ránṣọ báyìí, ó sì máa ń wá kí wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní mọ́ṣáláṣí wa, àwọn tí eékún ń dùn ló ń jókòó kírun. Èmi tí mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mo ṣì ń forí kanlẹ̀. Àwọn obìnrin a máa fi Roqeebah ṣẹ̀fẹ̀.

"Alájà, ẹ rọra o! Ṣé ká bá yín wá ọ̀pá ni?"

Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò jẹ́ sọ fún wọn pé bí òun bá ti tẹ̀ síwájú, ọmú òun a máa fa òun lọ́rùn bí ìgbà tí èèyàn ń fi okùn fa ewúrẹ́.

Ọmú rẹ̀ tóbi. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá àgbà rẹ̀ ni mí. Okùn kọ́mú ti gbẹ́ kòtò sí èjìká rẹ̀ méjèèjì. Ooru a máa mú awọ abẹ́ ọmú náà bó. Bó bá jókòó ti maṣíìnì di ọ̀sán, á dìde bí aláboyún. Sèlíátù ní kó máa gbààwẹ̀ kó lè fọn. Ó gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè fún oṣù púpọ̀. Ojú rẹ̀ fọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fọn. Ọmú wà bó ṣe wà.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo fi ayé mi kàn. Mo mọ ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù níwájú. Ìdí rẹ̀ a gbé sókè, imú rẹ̀ a máa mu omi. A kì í bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wí. Ẹrù la máa ń gbé kúrò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó kúnlẹ̀ níwájú wa.

"Bàbá, Màmá, mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n máa gé lára ọmú mi."

Sèlíátù káwọ́ lérí. "Gé kí ni?"

"Wọ́n máa dín in kù ni, Màmá."

"Irú ọmú yìí ni ìyá mi ní! Ó fi tọ́ àwa méje, ó tún fi tọ́ ọmọ aládùúgbò tí ìyá rẹ̀ kú. Ọmọ yẹn di ọmọ ìyá wa, kò sí ẹni tó lè fẹ́ ẹ nínú wa. Ta ni yóò wá fún ọmọ tìrẹ lọ́mú, Àbẹ̀kẹ́? Ṣé màálù ni?"

"Ó lè jẹ́ èmi náà, Màmá. Ó sì lè má jẹ́ èmi. Ohun tí mo fẹ́ lọ bi dókítà nìyẹn."

"Kabir ńkọ́?" Kabir ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

"Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní kí n má fi òun ṣe àwáwí."

Sèlíátù wò mí pé kí n bá a wí. Mo ní, "Èmi yóò bá a lọ."

Obìnrin ni dókítà náà, Ọláwùmí lorúkọ rẹ̀. Roqeebah béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

"Níbo ni ojú rírán yóò wà?"

"Yóò yí orí ọmú ká, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì gba abẹ́ kọjá. Bí ìdákọ̀ró."

Mo mọ ìdákọ̀ró. Mo rí i lójú mi.

"Ṣé yóò parẹ́?"

"Yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní parẹ́."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Àwọn kan ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́yìn rẹ̀. Wàrà àwọn mìíràn kì í tó. Ti àwọn kan kì í wá rárá. N kò lè ṣèlérí. Bí ẹ bá fẹ́ dúró di ẹ̀yìn ọmọ bíbí, kò burú, torí oyún náà lè mú un tóbi padà."

Ó sọ èyí tó kù. Orí ọmú lè má mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Egbò lè pẹ́ kó tó jinná. Ọ̀kan lè fi díẹ̀ tóbi ju ìkejì lọ. Kò da oyin sí i. Roqeebah kò ṣẹ́jú.

"Ẹran tí ẹ bá gé ńkọ́? Nílé wa, a kì í ju ẹ̀yà ara èèyàn sí ààtàn. Sísin la máa ń sin ín."

Dókítà gbà bẹ́ẹ̀. "A ó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó kó o fún yín."

Ó wá kìlọ̀ ohun kan fún un: kò gbọdọ̀ mu àgbo, ááyù tàbí atalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ Agric, mo bi í pé, "Kí lo rí sí i?"

"Bàbá, ta ló mọ ìgbà tí ọmọ máa dé? Ìrora ẹ̀yìn mi ti dé ní tiẹ̀. Bí wàrà kò bá wá, ó máa dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ kí n tó wọlé."

Mo nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Wọ́n dá ọjọ́ sí ìgbà tí aṣọ Iléyá kò tíì kún ilẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá yẹ̀, ó di ẹ̀yìn Iléyá, kò sì dá Roqeebah lójú pé ẹ̀yìn òun lè gbé aṣọ ọdún yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Sèlíátù tẹ̀ lé wa dé ọsibítù. Inú rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. Ó ti gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún Roqeebah ní Itamaga lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí a ṣe jókòó, ó rọra sọ fún un pé:

"Má fòyà, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀kọ àná yẹn, mo ti po àgbo mọ́ ọn, mo fi ṣúgà bo kíkorò rẹ̀. Ááyù wà níbẹ̀, atalẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ á lágbára."

Roqeebah wò ó. 

Nọ́ọ̀sì wọlé. "Ǹjẹ́ ẹ ti mu àgbo kankan láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?"

Sèlíátù kò sí níbẹ̀ nígbà tí dókítà kìlọ̀; ìgbà yẹn ló rí ohun tó ṣe. Ó mi orí sí Roqeebah pé kó sọ pé rárá. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ yàtọ̀ sí àwa mẹ́ta. Wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ fún un.

"Mo mu ún lánàá," ni Roqeebah wí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Dókítà dá iṣẹ́ náà dúró di ẹ̀yìn Iléyá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Roqeebah bọ́ aṣọ wọn, ó wọ tirẹ̀.

Sèlíátù ń sunkún. "Mo fẹ́ kó dára fún ọ ni."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun. Ebi ń pa mí kú lọ."

Mo ti rí ọkùnrin tó kojú ìjì lójú ọ̀sà. N kò rí èyí tó ju ọmọ yìí lọ.

Ó padà sídìí maṣíìnì. Ó rán aṣọ Iléyá tán, pẹ̀lú gbogbo ìrora náà. Sèlíátù kó ẹrù lọ bá a, ó ń bá a lọ aṣọ, ó sì ń ṣọ́ ìkòkò. Nígbà tí aládùúgbò kan gbé ìgò àgbo wá, mo gbọ́ pé ó lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Gbé e padà! Ṣé o fẹ́ ba nǹkan jẹ́ fún wa ni?"

Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n ṣe é. Ó jẹ̀rora, egbò ọmú òsì pẹ́ kó tó jinná, bí dókítà ṣe wí. Kò lè gbé ọwọ́ sókè, Sèlíátù ló ń wẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ èyí tí wọ́n gé wò tán, ọsibítù kó o fún mi. Mo gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, mo sin ín.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó wá kí wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ tó, Sèlíátù gbé àga tí Roqeebah fi ń kírun jáde síta. Ó tẹ́ ẹní méjì.

Mo ti kírun tèmi. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Roqeebah tẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Kò dẹ́kun, kò di ẹ̀yìn mú. Nígbà tí ó sálámà parí ìrun, ó tún forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń dúpẹ́ níbẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, dìde, ọbẹ̀ ń tutù," ni Sèlíátù wí.

Kò dìde. Mo fọwọ́ sí Sèlíátù pé kó fi í sílẹ̀.