Àpò Abẹ́rẹ́ fún Awakọ̀ Tírélà

Káfíńtà kan wà tó máa ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Eyínafẹ́. Eyín iwájú méjì ti yọ lẹ́nu obìnrin náà, àwọn aládùúgbò sì máa ń fi orúkọ yẹn ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ò yí i padà. Télọ̀ ni Eyínafẹ́. Òun ló ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tó yá, dókítà sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù tó máa máa rí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó padà sílé, ó da aṣọ bo máṣíìnì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń bá a tàkúrọ̀sọ, "hẹn" náà ló máa ń dáhùn.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin ni, tírélà ló sì ń wà. Lọ́jọ́ kan tó yà wò wọ́n, ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bó ti máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan irin wẹ́wẹ́ léjìká ọmọ náà. Pín-ìn-nì tí wọ́n fi ń de bébà pọ̀ ni ọmọ fi gán apá ẹ̀wù rẹ̀ tó ya.

"Kí lèyí?" ni ìyá bi í.

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ọ̀nà lẹ̀wù náà ti ya, pín-ìn-nì ló sì wà nítòsí. Ìyá tún fọwọ́ pa ibi tó ya náà. Ó mọ̀ pé láti kékeré lọmọ náà ti ń sá fún abẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé ìdí ẹ́ńjìnnì ló máa ń lọ jókòó sí. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ òun wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ wọlé, òun ò sì rí i.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí tírélà ti lọ, ó ní kí ọkọ òun bá òun gbé àpò tí òun ń kó àgékù aṣọ sí wá. Ó ní òun fẹ́ ṣe àpò abẹ́rẹ́ kan tí ọmọ náà lè gbé kọ́ sínú ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé ká bí ẹní, kó ní ojú àpò fún òwú, bọ́tìnnì àti àlùmọ́gàjí, kí abẹ́rẹ́ má sì já bọ́ níbẹ̀ bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ kó sí kòtò.

"Ta ló máa rán an?" ni káfíńtà béèrè.

"Ẹ̀yin ni."

Ó ní ọwọ́ òun tó ń gbá ìṣó ò mọ abẹ́rẹ́ mú. Ìyàwó rẹ̀ ní kò burú, kó ṣáà má fi òòlù gbá a wọlé. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti gbọ́ àwàdà lẹ́nu rẹ̀, torí náà kò jiyàn mọ́.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Eyínafẹ́ ń fọwọ́ yẹ àgékù aṣọ wò. Ó mú jíǹsì fún ẹ̀yìn, ó mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún inú, ó sì mú ègé búláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa gún abẹ́rẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ rúlà àti pẹ́ńsù, ìyẹn ò ni káfíńtà lára. Ó tiẹ̀ fá pákó pẹlẹbẹ díẹ̀ tí wọ́n máa ká òwú lé. Ìgbà tó kan rírán niṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín lára. Abẹ́rẹ́ gún un látàǹpàkò títí ó fi dákẹ́ kíké. Eyínafẹ́ fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀ lọ, ó béèrè bóyá ó mutí kó tó jókòó, ó sì ní kó tú u.

Nígbà tó di pé ó ń tú ọ̀kan náà ṣáá, káfíńtà dọ́gbọ́n. Ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ wẹ̀, ọkọ sì fi gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ pákó lẹ etí aṣọ náà. Obìnrin náà ò tíì jókòó dáadáa nígbà tó padà dé tó fi gbóòórùn gọ́ọ̀mù.

"Bàbáa wa, àga lẹ ń kàn ni?"

Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya kúrò lára gọ́ọ̀mù tí ò tíì gbẹ, ó sì ní kó bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọkọ ki í bọ̀ ọ́, obìnrin náà sì gbà á. Kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ látìgbà tó ti bo máṣíìnì. Ó ká etí aṣọ, ó fi èékánná òsì wọ̀n ọ́n, ó gún un, ó fà á, ó tún sún èékánná síwájú díẹ̀. Káfíńtà, tó ti mú ayùn láti padà sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí obìnrin náà dé igun, ó dúró.

"Ó tọ́ bí?"

Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ sún mọ́ aṣọ náà. Ó tọ́ bí ìlà tí òun fi rúlà fà. Ó mú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ tó ti tutù.

"Ẹ má sunkún sórí iṣẹ́ mi," ni Eyínafẹ́ wí, ṣùgbọ́n kò gbọ́wọ́ náà kúrò.

Nígbà tí ọmọ wọn tún yà, wọ́n gbé àpò náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó tú okùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ. Ó béèrè ẹni tó rán ibi tó wọ́ yìí, bàbá nawọ́ sókè. Ìyá ní òun lòun rán ìyókù. Ọmọ fọwọ́ tọ ojú rírán ìyá rẹ̀ láti igun dé igun, ó sì wo ojú ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ kọ́ mi."

"Ìsinsìnyí tí mi ò ríran mọ́?"

"A jọ máa fọwọ́ wá a ni."

Inú tírélà ló fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ò wọ ibẹ̀ rí. Bàbá tì í láti ìsàlẹ̀, ọmọ fà á láti òkè, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ ba sítíárìn, ó fọwọ́ ba gíláàsì, ó fọwọ́ ba ìjókòó awakọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ojú rírán kan tó ti já, tí fóòmù ń yọ jáde níbẹ̀. Ó ní irú télọ̀ wo ló ń ránṣọ tí kì í so ìdí òwú. Ó ní kí ọmọ mú abẹ́rẹ́ wá. Òwú ń yẹ̀ lójú abẹ́rẹ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, ìyá sì ní kó má kánjú, òun ò níbi tí òun ń lọ.

Káfíńtà dúró nísàlẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú. Ẹni kan tó ń kọjá béèrè bóyá ọkọ̀ náà ò ní ṣí lónìí.

Ó ní kó ṣe sùúrù, pé télọ̀ ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́.