Abẹ́rẹ́ Tí Kò Gún Ẹnikẹ́ni

Ọdún kejì rèé tí Verna kò ti bá Joyce sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Cloquet. Verna ló ń fi ìwé owó ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò. Joyce ni nọ́ọ̀sì. Níbi ìsìnkú ìyá Verna, Joyce tọ́ pòtétò oníwàràkàṣì tí Verna sè wò, ó ní iyọ̀ inú rẹ̀ tó láti fi tọ́jú òkú. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Verna kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbàgbé.

Dókítà Halvorsen ló wá di ìránṣẹ́ láàárín wọn.

“Ẹ bá mi sọ fún Joyce kó ti fèrèsé,” Verna á wí, lójú Joyce.

“Ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ mi ò dilẹ̀,” Joyce á dáhùn.

Lọ́dún yìí, nígbà tí òtútù wọlé, dókítà ra àjẹsára ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń fín sí ihò imú. Inú Verna dùn. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Britta, ń bọ̀ wá gba tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà gé dókítà jẹ nítorí abẹ́rẹ́. Verna ti ṣèlérí fún un pé kò sí abẹ́rẹ́ mọ́. Àmọ́ gbogbo ìwé owó àjẹsára náà ni iléeṣẹ́ adójútòfò ń dá padà.

“Màmá Verna,” ni dókítà wí lọ́jọ́rú, “n ò lè máa ra ohun tí wọn ò ní sanwó rẹ̀. Tí wọn ò bá gbà títí ọjọ́ Ajé, a ó dá ìyókù padà. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àwọn ọmọ máa gbà.” Ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlú Duluth.

Verna tún ka èsì iléeṣẹ́ adójútòfò: oògùn àti ọ̀nà tí wọ́n gbà fún ọmọ kò bára mu. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà fún un. Ó jókòó títí tíì rẹ̀ fi tutù, kó tó dìde lọ kan ilẹ̀kùn yàrá tí Joyce ti ń tọ́jú ọmọ kan.

“Joyce.”

Joyce wẹ̀yìn, bóyá Joyce mìíràn wà níbẹ̀. “Èmi lẹ ń bá wí?”

“Ta ló tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí? Kí lo fún ọmọ yìí?”

“Abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn.”

“Irọ́ ni,” ni ọmọ tó wà lórí ibùsùn wí. “Wọ́n fín nǹkan sí mi nímú. Ó ń rìn mí.”

“O gbọ́? Ọmọ tí kò tíì ká eyín mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́, ìwọ ń kọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀.”

“Gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà sọ ọ́ lórí fóònù lánàá: ‘Ẹ mú ọmọ wá gba abẹ́rẹ́.’”

“Àṣé o máa ń tẹ́tí sí mi.”

“Ohùn yín ló ń la ògiri.”

Òótọ́ ni, Verna sì mọ̀. “Ohun tí o kọ ni mo fi ránṣẹ́. Kóòdù tí a fi ń gba owó abẹ́rẹ́ yàtọ̀, ti imú yàtọ̀. Wọ́n rí oògùn imú, wọ́n rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n ní ta là ń tàn.”

“Kí wá ni kí n kọ?”

“Kọ imú.”

“Imú lásán?”

“Ṣé o fẹ́ fi etí kún un ni?”

Joyce tẹ̀ lé Verna lọ sí ọ́fíìsì, ó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń tún àkọsílẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe, Verna ń pààrọ̀ kóòdù, ó tún ń fi ìwé owó wọn ránṣẹ́. Nígbà tí dókítà dé tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ kan, ó béèrè bóyá ẹnì kan kú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èsì àkọ́kọ́ dé: wọ́n gbà. Dókítà ra páálí mìíràn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Britta wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sínú kóòtù. Joyce ní kó tọ́jú wọn síbẹ̀, òun ò nílò wọn. Ó fín ihò imú kan, ó fín èkejì. Ọmọ náà sín, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kò tún sí ihò mìíràn ni.

“O ṣeun,” ni Verna sọ fún Joyce, ó sì ti wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kí ìyẹn tó ríbi fèsì.