Ìbéèrè Mẹ́rin Ìyá Àgbà

Àádọ́ta arúgbó ni Soliat, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, bi léèrè ní Àpòmù fún ìwádìí rẹ̀ lórí ìdáwà, pé kí wọ́n fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti oókan dé márùn-ún; gbogbo àádọ́ta ló mú márùn-ún. Inú mi ń dùn: márùn-ún. Mi ò dá wà: márùn-ún. Bàbá Ògúnsànmí pàápàá, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kọ márùn-ún, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Ṣé kò yẹ kí Soliat ti mọ̀ ni? Àgbà wo ló máa fẹnu ara rẹ̀ pe ibi sórí ara rẹ̀ níwájú àlejò oníwèé? Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbíyì, olùkọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, da ìwé ìwádìí náà padà fún un. "Kò sí arúgbó tó dá wà ní Àpòmù? Lọ tún un ṣe. Tó bá tún rí báyìí, o máa lo ọdún kan sí i."

Tìbànújẹ́tìbànújẹ́ ló fi wọkọ̀ tó ń lọ sí Àpòmù. Nígbà tí wọ́n dé Ìkirè, òórùn dòdò tó pọ́n dúdú gba ojú fèrèsé wọlé, ló bá rántí ìyá ìyá rẹ̀, Àṣíáwù. Háà, àárò obìnrin náà sọ ọ́! Ìyá Àgbà kì í bi opó pé ṣé kò sí nǹkan. Á gbé dòdò lọ́wọ́, á jókòó tì í, á máa bi í ní wẹ́wẹ́: Ta lẹ bá jẹun lánàá? Ta ló kan ilẹ̀kùn yín kẹ́yìn? Bí ẹ bá lá àlá, ta lẹ ń rọ́ ọ fún? Bí ara bá ń ro yín lóru, ta lẹ máa pè? Èèyàn lè fi "a dúpẹ́" bo ọ̀kan mọ́lẹ̀, kò lè bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí," bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń wí nìyẹn.

Soliat kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, ó padà sí Àpòmù. Bàbá Ògúnsànmí fi ẹ̀rín dáhùn èkíní. Nígbà tó fi máa kan ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Àlá kẹ̀? Mo ń rọ́ ọ fún ògiri, ọmọ mi."

Iṣẹ́ ti yọrí, àmọ́ inú Soliat ò dùn. Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìkirè, ẹni tó ń sọ "alhamdulillah" fún un lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

"Màmá, ta lẹ bá jẹun lánàá?"

"Kí n bá èèyàn jẹun? Ìwọ ni mo bá jẹun kẹ́yìn, nígbà Iléyá."

Iléyá ti pé oṣù mẹ́jọ. Ìgbà mélòó ni Soliat ti gba Ìkirè kọjá láìyà sílé, tó ń lọ bi arúgbó ilé onílé léèrè bóyá wọ́n dá wà? Ojú tì í. Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kadà.

"Ìkirè," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè."