Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Ni Sàláwù Bi Mí

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n fi ipá fún mi lọ́kọ. Bàbá mi kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ti ń ta aṣọ ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa kí wọ́n tó bí mi, kò sì fi ọwọ́ líle kan èmi Suwebat rí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Ọdún mẹ́ta ni èmi àti Sàláwù fi fẹ́ra wa láìjẹ́ kí ilé mọ̀. Ó ń tọ́jú màálù ní Shika. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ òórùn wàrà, inú mi á dùn. Ó ní kí n ṣe sùúrù, bí òun bá ti rí yàrá méjì gbà, òun á wá rí Bàbá. Sùúrù, sùúrù! Ṣé sùúrù la ó máa fi jẹ tùwó ni?

Alhaji Bashir kò ní kí n ṣe sùúrù ní tiẹ̀. Ó ní ilé alájà ní Danmagaji, ó sì gbé àpótí ẹrù ìyàwó méjìlá wá fún mi bí àwọn Hausa ti máa ń ṣe. Ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀. Mo mú góòlù ọrùn kan níbẹ̀, mo wọ̀ ọ́ wò, ó sì yẹ mí.

Nígbà tí Sàláwù gbọ́, ó pè mí lórí fóònù. “Haba, Suwebat! Sọ fún Bàbá pé o ò fẹ́. Wallahi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.” Mo pa fóònù, mi ò sì sọ nǹkan kan fún Bàbá.

Ní mọ́ṣáláṣí wa, kí àlùfáà tó so yìgì, á rán ẹni méjì lọ bi ọmọbìnrin bóyá ó gbà. Bí ó bá ní òun ò fẹ́, ó parí nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ ti pa màálù. Bí ó bá dákẹ́, ó gbà nìyẹn, torí ìtìjú kì í jẹ́ kí wúńdíá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tèmi, bàbá arúgbó kan ló kọ́kọ́ wọlé. Sàláwù ló tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Sàláwù ni àlùfáà tó rán wọn, kò sì mọ nǹkan kan nípa àwa méjèèjì. Sàláwù lè kọ̀ pé òun ò lọ. Kò kọ̀, torí ó dá a lójú pé bí òun fúnra òun bá bi mí, n ó sọ òtítọ́.

“Suwebat, wọ́n fẹ́ fi ọ́ fún Alhaji Bashir. Ṣé o gbà?”

Mo wo ilẹ̀. Góòlù ń dán láyà mi.

“Ṣé o gbà?”

Mo rí bàtà rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ Shika ṣì wà létí rẹ̀. Mo ro yàrá méjì, mo tún ro ilé alájà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, “Suwebat, jọ̀ọ́. Ṣé o gbà?”

Bàbá arúgbó fọwọ́ kàn án léjìká. “Ó tó, ọmọ mi. A ti gbọ́.”

Wọ́n jáde padà sọ́dọ̀ àlùfáà. Mo gbọ́ ohùn Sàláwù láti ojú fèrèsé. “A bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dákẹ́. Mo jẹ́rìí pé ó gbà.”

Ìgbà yẹn ni ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo já góòlù náà sílẹ̀, mo ń ké, “Mi ò fẹ́! Ẹ pè é padà!”

Ìyá mi gbá mi mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ọmọ tí a kọ́ dáadáa! Bí èmi náà ṣe sun ẹkún ìyàwó lọ́jọ́ tèmi nìyí.”

Ó ṣa góòlù náà nílẹ̀, ó sì tún un dè mọ́ mi lọ́rùn.